Ọjọ́ Tí Mo So Ìyá Ọkọ Mi Kọ́ Sáàárín Igi Kajú Méjì

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti lò láyé tí mi ò lè sọ ohun tí mo jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Sátidé kan wà tí kò jọ pé yóò kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi dé sàréè. Mo lè máa fọ abọ́ lọ́wọ́ kó ṣàdédé wá sí mi lọ́kàn, màá dúró pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́, màá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó bá wà nítòsí á béèrè pé kí ló dé, màá ní kò sí nǹkan. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún lónìí.

Mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà. Ìlobù ni mo ti ń ta báàgì òkìrìkà, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí bàbá mi kọ́ síwájú ilé wa. Wàsíù, ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ọmọ Ìfọ́n ni. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì, ó sì tún mọ̀ pé ìjà ilẹ̀ láàárín wọn ti mú kí ìrìn náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá mi ti gbà ní tiwọn. Ẹni tó kù tí a ń wojú wọn ni ìyá Wàsíù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kùmásí, nítorí Gánà ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọ kékeré ni wọ́n wà nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò máa lọ, tí àwọn òbí wọn fi kó wọn padà wálé.

Opó ni Ìyá Kùmásí. Wọ́n ń ta abọ́ àti ìkòkò níwájú ilé, wọ́n sì ní oko kajú kan tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Wọn ò bú mi rí, wọn ò sì rẹ́rìn-ín sí mi rí. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọn á dáhùn gbogbo ìkíni náà pátá, wọn ò ní fo ọ̀kan, wọn á wá dákẹ́. Èmi náà á wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, màá máa wo ìkòkò. Wàsíù ní kí n má fòyà, pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ó ní wọn kì í sùn dáadáa. Láti kékeré rẹ̀ ló ti mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀: bí gbogbo ilé bá ti wọlé, wọn á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń wà tí ẹni tó bá kọ́kọ́ jí á fi bá wọn.

Inú bélì, ìdì ńlá tí òkìrìkà máa ń wà nínú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta òkìrìkà mọ̀ pé bí wọ́n bá gé okùn ìdí bélì tuntun, ọkàn èèyàn kì í balẹ̀, nítorí èèyàn ti sanwó tán kó tó mọ ohun tó rà. Láàárín àwọn báàgì ilé-ìwé inú bélì ọjọ́ yẹn ni mo ti rí àpò kan tí kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ. Mo tú ẹnu rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ jáde. Mo fà á, kò tán. Mo tún fà á. Aṣọ náà fúyẹ́ bí ìborùn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, nígbà tí mo sì nà án tán, ó ti gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Okùn wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Bẹ́líìtì gígùn kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n rán ihò-ihò sí lára, àti ìkọ́ irin kan tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa, àti tapólì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ká pọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe gba inú àpò yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní, nítorí mi ò rí i ká padà sínú ẹ̀ bí mo ṣe bá a.

Mo rò pé àwọ̀n ẹja ni. Ìyá tó ń ta gaàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní aṣọ tí òyìnbó fi ń gbé òkú ni, kí n yáa má fọwọ́ kàn án mọ́. Wàsíù ló fi fóònù rẹ̀ wá a jáde nírọ̀lẹ́.

"Ibùsùn ni," ó ní. "Hámọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Àárín igi méjì ni wọ́n ń so ó sí, inú igbó ni wọ́n ti ń lò ó."

"Èèyàn á wá sùn sínú eléyìí?"

"Wò ó fúnra rẹ."

Ọkùnrin òyìnbó kan ni mo rí nínú fídíò náà, ó sanra, ó ga, ó nà gbalaja sínú irú aṣọ yẹn gan-an, láàárín igi méjì lórí òkè kan. Òjò ń rọ̀ sórí tapólì tó ta sókè orí rẹ̀, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, òun ń mu tíì. Ẹnu yà mí. Mo wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi, èyí tí mo lè ká sínú àtẹ́lẹwọ́, mo tún wo ọkùnrin yẹn. Mo ní kí Wàsíù tún fídíò náà gbé sí i.

Fídíò náà sọ pé bẹ́líìtì méjì ló yẹ kó wà, kí wọ́n dè é mọ́ igi kọ̀ọ̀kan, àti ìkọ́ méjì tí wọ́n máa fi há aṣọ náà mọ́ bẹ́líìtì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni tèmi ní. Òkìrìkà ni, ẹni tó bá fẹ́ kó pé, kó lọ ra tuntun. Mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo rí okùn ọ̀rá tí a fi so àgbò Iléyá, mo ní ìyẹn náà á ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, nítorí bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Mo so apá kan mọ́ igi máńgòrò, mo so èkejì mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wá gbé orúnkún lé e bí ẹni tó fẹ́ gun bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ náà yí po, ó dà mí sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ jáde nínú àpò. Nígbà tí mo lajú, ojú mi àti ojú ewúrẹ́ ló ṣe mẹ́rin. Bàbá mi tó jókòó sórí àga wọn ò dìde. Wọ́n ní, "Ṣé ibùsùn ni, àbí pàkúté?"

Ṣùgbọ́n mi ò jáwọ́. Mo padà sídìí fídíò, mo rí i pé ìdí ni èèyàn fi ń kọ́kọ́ jókòó sí àárín rẹ̀, kó tó wá gbé ẹsẹ̀. Mo tún rí i pé èèyàn kì í nà tààrà nínú rẹ̀. Bí o bá nà tààrà, aṣọ náà á ká ọ mọ́ra bí ẹ̀kọ inú ewé, ẹ̀yìn rẹ á tẹ̀ kọrọdọ. Ṣùgbọ́n bí o bá dábùú díẹ̀, tí orí lọ sí ọ̀tún, tí ẹsẹ̀ lọ sí òsì, ńṣe ni aṣọ á tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ rẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo sì wá ara mi tì. Ẹ̀yìn mi tó ti ń gbé bélì láti ọdún mélòó kan wá, mi ò mọ ibi tó wà mọ́. Kò sí ohun tó gún mi, kò sí ohun tó tì mí. Ewé máńgòrò ń lọ, ó ń bọ̀ lókè, ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀. Mo ní háà, àwọn èèyàn kan ti gbọ́n láyé yìí. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbéraga ti wọ̀ mí lára.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Ìyá Kùmásí ránṣẹ́ pé kí n wá bá àwọn kó kajú lọ́jọ́ Sátidé. Wàsíù ní, "Wọn kì í pe èèyàn sí oko yẹn o. Kódà àwọn àbúrò bàbá mi kì í débẹ̀." Mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Mo sì mọ ohun tí n ó fi yege. Mo ká hámọ́ọ̀kì mi, mo fún un mọ́ inú àpò rẹ̀ títí ó fi fẹ́ ya, mo fi okùn àgbò lé e. Èrò mi ni pé bí a bá ṣiṣẹ́ tán, n ó so ó, kí Ìyá lè rí i pé ọmọ Ìlobù tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ mọ nǹkan. Mo ti ń gbọ́ ohùn wọn létí mi: "Irú kí ni èyí, ọmọ mi?" Torí "ọmọ mi" yẹn gan-an ni mo ṣe ń làágùn.

Wàsíù fi ọ̀kadà gbé wa dé oko, ó kọ́kọ́ gbé Ìyá, kó tó padà wá gbé èmi. Àwọn tó ti wọ oko kajú nígbà tó bá pọ́n mọ bó ṣe ń rí: èso pupa àti èso òféèfèé máa ń bo ilẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bí ọtí tó ń kan. Ìyá á mú èso kan, wọ́n á lọ́ kóró ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kóró á bọ́ sínú agbọ̀n, wọ́n á ju èso sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe ọ̀kan, wọ́n ti ṣe púpọ̀. Òkìtì èso tí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ga débi pé àgùntàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. A ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, àpò ti kún, Wàsíù dè wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ní òun á gbé wọn dé Ìfọ́n, òun á sì gbé oúnjẹ bọ̀. Ó wo èmi, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ jù láàárín yín o."

A kírun Àílà. Lẹ́yìn náà ni mo fa àpò mi yọ.

Igi àkọ́kọ́ tí mo wé bẹ́líìtì mọ́, mi ò tíì pa ìkọ́ rẹ̀ dé tí nǹkan fi ta mí lọ́rùn. Ó ta mí nínú apá. Ó wọ inú búláòsì. Èèrà pupa ló kọ́lé sórí igi náà, mo sì ti mi gbogbo ilé wọn. Mo jó ijó tí mi ò kọ́, mo ju ìborùn nù, mo ń gbá ara mi ní àyà níwájú ìyá ọkọ. Ìyá wò mí títí mo fi parí. Wọ́n ní, "Igi yẹn ní onílé." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láti àárọ̀ nìyẹn, yàtọ̀ sí ìkíni.

Mo lọ sídìí èkejì. Mo fara tì í láti fi wò ó bóyá ó lágbára, ẹ̀ka kan sì já lórí rẹ̀, ó bà mí ní èjìká kó tó fọ́ sílẹ̀ bí bisikíìtì. "Ikán ti jẹ ìyẹn tán," Ìyá ní, wọ́n ń jẹ kajú lọ.

Mo wá rí méjì tó yè, tó dúró dáadáa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èso tí a jù, ṣùgbọ́n àárín wọn jìn ju àárín máńgòrò àti òpó ilé wa lọ. Bẹ́líìtì àti ìkọ́ gba apá ọ̀kan láìní wàhálà. Ní apá kejì, okùn àgbò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó. Mo wé e mọ́ ìdí igi lẹ́ẹ̀mejì, ìyókù tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ kò ju ohun tí mo lè fi ta kókó kékeré kan lọ. Mo ta á. Mo fà á wò, ó dúró. Mo ní ara mi kò wúwo, èmi nìkan náà ni n ó sì lò ó.

Ìyá ti dìde, wọ́n wá dúró tì mí.

"Èèyàn lè sùn sí i?" wọ́n bi mí.

Ohun tó yẹ kí n sọ pọ̀. Mo lè sọ pé kókó ò tíì le. Mo lè sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán an wò. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Òyìnbó tó sanra jù yín lọ ń sùn sí i, Ìyá."

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kí n tó gbọ́ ọ. Ìyá wò mí.

"Tó sanra jù mí lọ," wọ́n ní.

"Ẹ má bínú mà. Mi ò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀."

Wọ́n bọ́ bàtà. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ìdí ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi jókòó, pé wọ́n gbọ́dọ̀ dábùú, ṣùgbọ́n mi ò tíì yanu tí wọ́n fi fọwọ́ ṣí aṣọ náà, wọ́n jókòó sí àárín gẹ́lẹ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n sì dábùú bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Aṣọ náà ò yí, kò mì. Èmi tí mo ti ṣubú síwájú ewúrẹ́ dúró síbẹ̀, mò ń wò wọ́n. Mo bi ara mi léèrè pé ta ló kọ́ obìnrin yìí.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ "ṣìì" lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Ìdí kókó náà ń rìn. Ó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, bí aláǹgbá tó ń wọ ihò, aṣọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Mo fò mọ́ okùn, mo dì í mú ní ọwọ́ méjèèjì, mo gbá igi mọ́ra. Ó dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí, kí ẹ má baà rò pé agbára ni mo fi ṣe é. Nítorí pé okùn ti yí igi po lẹ́ẹ̀mejì, igi náà ló ń gbé Ìyá. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n má jẹ̀ẹ́ kí ìdí okùn dẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ta kókó mìíràn, mo gbọ́dọ̀ dẹwọ́, bí mo bá sì dẹwọ́, Ìyá á délẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo rọra pè wọ́n. "Ìyá."

Wọn ò dáhùn. Mo na ọrùn láti ẹ̀gbẹ́ igi. Wọ́n ti sùn.

Mi ò mọ bí n ó ṣe ṣàpèjúwe ohun tí mo rí. Ojú tí mo ti ń kúnlẹ̀ fún láti bí oṣù mélòó kan, tí mi ò rí ohunkóhun kà níbẹ̀, ojú náà ti tú. Gbogbo ohun tó ń dì í mú ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹnu wọn ṣí díẹ̀, ọwọ́ kan wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọdé ni mò ń wò. Ẹni tí wọ́n ní kì í sùn ló sùn lọ fọnfọn lójú ọ̀sán, lórí okùn àgbò. Mo pa ẹnu mi dé.

Bí mo ṣe di òpó nìyẹn. Èèrà kan tó ṣẹ́ kù sínú búláòsì mi rántí pé òun ò tíì parí iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, ó ń gòkè. Mo jẹ́ kó máa lọ. Eṣinṣin bà lé mi nímú, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ. Fóònù mi wá dún nínú àpò. Ohùn àkùkọ ni mo fi sí i nígbà náà, mo rò pé ó dára fún ọjà. Àkùkọ yẹn kọ, ó kọ, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wàsíù ló ń pè, bí mo ṣe gbọ́ lẹ́yìn, láti sọ pé táyà ọ̀kadà ti jò. Ètè Ìyá mì díẹ̀, wọ́n ń sùn lọ. Mo ṣe àdúrà kí ẹ̀mí bátìrì fóònù mi tán.

Nígbà tó yá, ohun gbogbo dákẹ́. Mi ò dúró sójú kan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi láìṣe pé mò ń sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Mo gbọ́ èso kajú tó já lọ́ọ̀ọ́kán. Mo gbọ́ mímí Ìyá. Mo wá rí i pé nǹkan kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èso tí a jù. Ẹtu ni. Ẹran tí mo ti rí lórí igi ìyangbẹ nìkan, òun náà rèé pẹ̀lú ẹ̀mí lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, ìmú rẹ̀ tutù, ó ń dán. Ó jẹ èso kan. Ó gbé orí sókè, ó wò mí. Mo ti rò pé yóò sá. Kò sá. Bóyá igi ló pè mí. Ó rìn kọjá lábẹ́ Ìyá, lábẹ́ wọn gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ, ó sì wọ inú koríko lọ láìyára. Omi dé ojú mi. Kì í ṣe ẹ̀rù, kì í sì ṣe ìrora, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn ti ń wọ inú ẹran ọwọ́ mi. Mo kàn ń rò pé bóyá ojoojúmọ́ ni irú nǹkan báyìí ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí ariwo wa ò jẹ́ ká rí i.

Kùrukùru bo oòrùn. Afẹ́fẹ́ òjò dé, ó ń fi Ìyá síhìn-ín, ó ń fì wọ́n sọ́hùn-ún, bí aṣọ bá sì ti lọ, okùn á fa awọ àtẹ́lẹwọ́ mi tẹ̀ lé e. Alásáárì ti ń súnmọ́ nígbà tí mo rí Wàsíù tó ń ti ọ̀kadà bọ̀, àwo oúnjẹ kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ó dúró. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí lò ń ṣe sí igi?"

"Mo di okùn mú."

"Ìyá mi dà?"

"Wọ́n ń sùn."

Ó yíjú, ó wò wọ́n. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó súnmọ́ wọn, ó tẹ̀ ba, ó wo ojú wọn pẹ́. Nígbà tó padà wá bá mi, ohùn rẹ̀ ti yí. "Wọ́n ń sùn," ó ní, bí ẹni pé òun ló fẹ́ sọ ọ́ fún mi. "Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí."

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lórí. A jọ pinnu pé ó gbọ́dọ̀ gba okùn lọ́wọ́ mi, kí n lè sáré ta tapólì sókè orí wọn. Ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ọwọ́, ó ní, "Ó yá."

Títí di òní, àríyànjiyàn wà nínú ilé wa lórí "ó yá" yẹn. Wàsíù ní ohun tí òun ní lọ́kàn ni pé kí n múra sílẹ̀. Èmi gbọ́ ọ pé kí n fi sílẹ̀. Mo fi sílẹ̀. Okùn náà yí igi ká bí ejò tí wọ́n da omi gbígbóná lé, ó lọ, Ìyá sì bá a lọ. Afẹ́fẹ́ ti fì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí òkìtì èso kajú ni wọ́n bọ́ sí. Ó dún "pọ̀ọ̀," omi èso fọ́n sí èmi àti Wàsíù lójú, ó fọ́n sí ara igi.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìyá dùbúlẹ̀ sáàárín èso, aṣọ àwọ̀ ewé náà bò wọ́n dé àyà. Wọ́n lajú, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ewé. Wọ́n wá béèrè nǹkan kan, pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, ohùn tín-ín-rín kan.

"Ṣé a ti dé?"

Wàsíù kúnlẹ̀ tì wọ́n. "Ibo, Ìyá?"

Wọ́n wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n fọwọ́ kan ojú rẹ̀, wọ́n kan irùngbọ̀n rẹ̀. A ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n jókòó, kò sí ibi tó dùn wọ́n, èso náà ti gbà wọ́n bí tìmùtìmù. Mo fa tapólì bo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a di etí rẹ̀ mú, òjò ń lù ú lórí wa. Abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni Ìyá Kùmásí ti sọ̀rọ̀, èyí tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn títí di ìgbà náà.

"Orí lọ́rì ni a wà," wọ́n ní. "Èrò pọ̀ lórí ẹrù, kò sí ibi tí ọmọdé máa fẹ̀yìn lé. Ìyá mi tú ìró rẹ̀ kan, ó so ó mọ́ irin òkè lọ́rì, ó gbé mi sínú rẹ̀. Ó ní kí n máa sùn, pé kí n tó jí, a ó ti dé ilé. Èmi ò mọ ilé kankan ju Kùmásí lọ. Mo ní mi ò ní sùn. Mo ní kí n la ojú mi sílẹ̀ kí n lè mọ ọ̀nà tí n ó gbà padà." Wọ́n fa etí tapólì mọ́ra. "Mi ò sùn títí a fi dé Ìfọ́n. Ó jọ pé mi ò tíì rí i sùn láti ìgbà náà."

Èmi ni mo dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ti béèrè, mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ sí mi láti dáhùn rẹ̀. Mo ní, "A ti dé, Ìyá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wá wo aṣọ wọn, tí omi kajú ti sọ di àwọ̀ tí ọṣẹ kankan ò ní lè fọ̀ kúrò, wọ́n gbóòórùn ara wọn. "Ta ló jù mí sílẹ̀?"

Wàsíù nàka sí mi. Èmi náà ti nàka sí Wàsíù. Ìyá wo ìka méjèèjì, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tapólì fi bọ́ lọ́wọ́ wọn tí omi fi dà lé wa lórí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n tú àtẹ́lẹwọ́ mi wò. Àpá okùn wà níbẹ̀, ó pupa.

"Láti ìgbà wo lo ti dì í mú?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti sùn mà."

"O ò lè jí mi?"

"Mi ò lè jí yín."

Wọ́n wo ọwọ́ náà pẹ́. "Ọmọ Ìlobù yìí," wọ́n ní, "sọ fún bàbá rẹ pé mò ń bọ̀ wá kí wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n má sọ fún wọn pé mo já bọ́."

Mi ò sọ. Kò sì wúlò, nítorí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ fẹsẹ̀ rìn wọ Ìfọ́n lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọ̀kadà tí táyà rẹ̀ ti jò, gbogbo ara wa kún fún kajú láti orí dé ẹsẹ̀. Kí n tó délé, ìròyìn ti dé Ìlobù ṣáájú mi. Bàbá mi kàn bi mí pé, "Ṣé ìyá ọkọ rẹ ni pàkúté yẹn wá mú?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú rẹ̀ kò ṣòro. Pé okùn so àgbò dúró kò ní kó gbé ìyá ọkọ dúró. Kí èèyàn tó gbé ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún sórí ohunkóhun, kó kọ́kọ́ fi àpò kajú dán an wò. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan ẹni méjì tó di okùn kan mú, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí ìtumọ̀ "ó yá" kó tó di pé wọ́n sọ ọ́. Èyí tó jù fún mi ni pé mo gbé nǹkan lọ sí oko láti lọ fi han àgbàlagbà, mi ò mọ̀ pé Ìyá ti wà nínú irú rẹ̀ rí lórí lọ́rì, kí wọ́n tó bí mi.

Mo ti ra bẹ́líìtì kejì àti ìkọ́ kejì báyìí, ojúlówó, kì í ṣe òkìrìkà. Ẹ̀yìnkùlé Ìyá ní Ìfọ́n ni hámọ́ọ̀kì náà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sinmi lẹ́yìn Àílà. Bí wọ́n bá jáde wá, wọn á kọ́kọ́ béèrè pé ta ló so ó lónìí. Bó bá jẹ́ Wàsíù, wọn á bọ́ bàtà, wọn á wọlé. Bó bá jẹ́ èmi, wọn á ní kí Wàsíù kọ́kọ́ sùn sí i ná. Màá wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi níbẹ̀, màá máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.